Ibi tí owó ìgbéyàwó wa gbà lọ

Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni èmi àti ọkọ mi ṣe ìgbéyàwó n'Íbàdàn. Nígbà tí a jókòó ṣírò ìnáwó, kì í ṣe gbọ̀ngán ló kó owó wa jẹ jù, kì í sì í ṣe olórin. Aṣọ ẹbí ni.

Èmi àti mọ́mì mi lọ sí Gbàgí, a ra léèsì fún èèyàn 40, ₦15,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó àjọ mi ni mo kó sílẹ̀, ₦600,000, mo rò pé bí àwọn èèyàn bá ti ń sanwó ni màá máa fi san ti ìyá alásè àti ti oníkánópì. Ọ̀rẹ́ mi dé, ó ní, "Ìyàwó wa, mú tèmi wá, tí oṣù bá parí màá san." Àbúrò bàbá mi ní kí n gé ti àwọn àti ti ìyàwó wọn sọ́tọ̀. Ojú ń tì mí láti béèrè owó lọ́wọ́ àgbà, mo gé e. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn 23 péré ló ti sanwó. Àwọn 17 yòókù wọ léèsì, wọ́n jó, wọ́n jẹun, wọ́n tún gba ike lọ sílé. Títí di òní, 11 nínú wọn ò tíì san kọ́bọ̀. Gbèsè ìyá alásè la gbé wọ ilé ọkọ, oṣù mẹ́rin gbáko la fi san án, mi ò sì fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣe ẹnikẹ́ni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó yín ra aṣọ sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó kan àbúrò mi obìnrin lọ́dún 2022, mo bẹ mọ́mì pé ká fi léèsì sílẹ̀. Wọn ò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní báwo la ṣe máa dá ẹbí mọ̀ lójú agbo? Gèlè àti fìlà aláwọ̀ aró la fi yanjú ẹ̀, kí kálukú wọ aṣọ funfun tó ti ní nílé. Ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta gèlè gan-an lẹni tó bá fẹ́ ti ń sanwó, tó sì ń gbé tiẹ̀. Owó kankan ò gba ọwọ́ wa kọjá, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì ni wọ́n ṣe ti kọ́ọ̀tù, ìdána bọ́ sí Sátidé, ó parí. (Ẹ tètè lọ gba fọ́ọ̀mù o, torí ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ pé lẹ́yìn ìkéde kí wọ́n tó fún yín níwèé.)

Ní ti ẹrù ìdána, ìwé tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí ilé ọkọ ṣeé bá sọ̀rọ̀, bí àwọn bàbá méjèèjì bá tètè pàdé. Obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀ àti àádùn ò yẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń ṣàdúrà. Iṣu 42 di 21, wọ́n yọ àpò ìrẹsì kan kúrò. Owó orí gan-an, dádì mi dá a padà lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní àwọn kì í ta ọmọ.

Ó ku oúnjẹ. Nígbà tèmi, aago mẹ́ta ni wọ́n ti ní ìrẹsì tán, àwọn àlejò ọkọ mi kan ò sì tíì fẹnu kan nǹkan. Ẹ̀yìn ayẹyẹ la gbọ́ pé kúlà méjì ti wọ búùtù ọkọ̀ lọ. Nígbà ti àbúrò mi, àǹtí wa kan gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ibi tí oúnjẹ wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé abọ́ jáde, wọ́n á ní, "Tábìlì wo? Ta ló rán ẹ?" Wọ́n á wá fi bírò fa ìlà sínú ìwé. Wọn ò jó rárá lọ́jọ́ náà, wọn ò sì kúrò lórí àga yẹn. Gbogbo àlejò jẹun yó, ìrẹsì kúlà méjì ṣẹ́ kù, àwọn ọmọ tó to àga àti àwọn aládùúgbò la pín in fún. Bí irú àǹtí bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹbí yín, ẹ ti tètè máa bẹ̀ wọ́n láti ìsinsìnyí.