Jíà tí a ń fi ìka fà
Ní ìrọ̀lẹ́ àná, lórí ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn ilé wa ní Abẹ́òkúta, mo fi ìka ọwọ́ ọ̀tún fa irin pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́yìn sítíárìn, ọkọ̀ kékeré tí èmi àti àbúrò mi fi ẹ́ńjìnnì alùpùpù kọ́ sì bọ́ sí jíà kejì láìjẹ́ pé mo gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn náà.

Irin ọ̀tún ń gbé jíà sókè, ti òsì ń gbé e wálẹ̀. Àwọn tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ tàbí iná mànàmáná ṣe é ń náwó gidi. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà méjì tí a rà ní Láfẹ́nwá, sípíríǹgì kan, àti abala irin tí wẹ́dà bá wa gé ni tiwa.

Ibi tí ó ti dá mi lágara ni fíríì, ìyẹn ipò tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò fa táyà. Àárín jíà kìíní àti ìkejì ni ó wà, ìdajì ìrìn ọ̀pá jíà péré ni a sì fi ń dé ibẹ̀, nítorí náà, bí wáyà bá dẹ̀ díẹ̀, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì yóò máa han gooro tí ọkọ̀ yóò sì dúró bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò mi fún wáyà náà le kí ó tó gbà. (Ẹ má bi mí nípa ríváàsì, ẹ́ńjìnnì tiwa kò ní in, ọwọ́ ni a fi ń tì í sẹ́yìn.)

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni ó ti dán irú èyí wò? Báwo ni ẹ ṣe ń mú fíríì láìṣì í?