Àwòrán tó ti já kí kóòdù tó jí

Àwòrán kékeré kan ni mo bá fà á láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, èyí tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ aṣàmúlò lórí ojú-ìwé ayélujára. Bí fọ́tò ẹni náà bá kọ̀ tí kò wọlé, ó yẹ kí òmíràn dípò rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mi, kò kùnà rí. Àwọn tó ń lò ó ló ń rí àmì àwòrán tó já, wọ́n á tún ojú-ìwé náà ṣí, yóò sì dára.

Ohun tó bá ń ṣe ségesège báyìí, mo máa ń fura pé ta ló kọ́kọ́ dé ni ìjà wọn. Mo dá JavaScript, kóòdù tó ń mú ojú-ìwé ṣiṣẹ́, dúró díẹ̀ kó má tètè wọlé, àṣírí sì tú. Sáfà ń fi HTML, ìyẹn ojú-ìwé náà fúnra rẹ̀, ránṣẹ́, búráúsà sì ń wá fọ́tò lójú ẹsẹ̀. Bí èsì 404 (pé fọ́tò kò sí) bá tètè dé, ìkéde “error” ti kọjá kí React, irinṣẹ́ JavaScript tí a fi kọ ojú-ìwé náà, tó dẹtí sí i, kò sì ní padà wá mọ́. Lọ́dọ̀ tèmi, inú kọ̀ǹpútà mi ni JavaScript wà, ọ̀nà jíjìn ni fọ́tò ti ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi rí i.

Mo wá jẹ́ kí kóòdù bi àwòrán náà léèrè ní kété tó bá jí, ìyẹn nígbà tí React bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: bí `complete` (pé wíwá rẹ̀ ti parí) bá jẹ́ òótọ́, tí `naturalWidth` (ìbú rẹ̀ gan-an) sì jẹ́ 0, ó ti já nìyẹn.

Àṣìṣe kejì tún wà nílẹ̀. Líńkì àwòrán tó yẹ kó dípò fúnra rẹ̀ ti kú, nítorí náà `onerror`, àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ bí àwòrán bá kùnà, ń pe ara rẹ̀ láìdúró. Mo sọ ọ́ di `null` (òfo) kó tó pààrọ̀ líńkì.

Níkẹyìn mo yọ àwòrán ìdípò yẹn kúrò pátápátá. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ló wà nísàlẹ̀ báyìí, fọ́tò á wá bò ó bó bá dé. Mo fún àyè náà ní píksẹ́lì 40 níbùú àti lóròó, kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò kiri.

Lẹ́tà yẹn ló dùn mí jù. `charAt(0)`, àṣẹ tó ń mú kóòdù àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀, la fi ń gé e. Ọ̀ kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, nítorí náà àmì orí rẹ̀ ń já bọ́. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ ní pípín (O, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀), O lásán ló ń kù. Orúkọ ènìyàn mà nìyẹn, a sì ti ń gé e bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí! `Intl.Segmenter`, tó ń ka lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan, ló ń gé e báyìí. Mo tẹ orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀ wọlé, mo sún un mọ́jú: àmì òkè wà, ti ìsàlẹ̀ náà wà.