Ata inú ilé ní Kubwa: ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì tó ń yọ́

Ká ti orí ata bẹ̀rẹ̀, ata wà dáadáa o. Rodo ti yọ ewé gidi, tòmátì ti ń wá igi tó máa fẹ̀yìn tì, lẹ́tùsì la ti ń já fi jẹ búrẹ́dì. Pánẹ́ẹ̀lì kẹta, iná tó ń ṣe bí oòrùn fún ohun tá a gbìn sínú ilé, ti wà lókè, fáànù ń fẹ́, ògiri ẹ̀yìn ti gba ọ̀dà funfun. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná ni mo bá wá lónìí, òun ló jẹ gbogbo wíkẹ́ńdì mi.

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Ìyàwó mi wọlé láti ọjà, ó dúró ní pálọ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò gbàgbé pánla síbì kan báyìí?" Mo ní pánla bawo, ta ló ra pánla. A wo firíìjì, a wo abẹ́ síńkì, a tiẹ̀ yẹ bàtà àwọn ọmọ wò. Kò sí ẹja kankan. Ìgbà tí mo dé ìdí àwọn ata ni òórùn yẹn wá le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fi iná gbin nǹkan tipẹ́ ti mọ ibi tí mò ń lọ: ike sọ́kẹ́ẹ̀tì àti púlọ́ọ̀gì tó bá ń gbóná jù sábà máa ń rùn bí ẹja, ó sì lè ti máa rùn kí èéfín kankan tó jáde. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ òórùn ẹja nílé tí wọn ò ti se ẹja, ẹ yáa wá sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ.

Mo pa búréékà, mo yọ púlọ́ọ̀gì ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kúrò lára ògiri. Ẹsẹ̀ méjì ń dán, ẹ̀kẹta tó wà lápá ibi tí fíúsì wà ti di búráùn, ike ìdí ẹ̀ ti rọ̀, ó fà tẹ̀lé èékánná mi bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ihò kan lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri náà ti dúdú létí.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí lórí rú ni pé ìṣirò ò bá a mu. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, wáàtì 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, 300 nìyẹn, ẹ pín in sí fóólítì 230, kò ju amp 1.3 lọ. Púlọ́ọ̀gì amp 13 ni mo sì ń lò. Kí ló wá ń jó?

Mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ọ̀rọ̀ yé mi. Ibẹ̀ la ti ń lọ aṣọ látìgbà tá a ti kó wọlé, ibẹ̀ náà la ti ń fi kẹ́tù wáàtì 2000 se omi tíì, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó amp 9. Àwọn irin pẹlẹbẹ inú ẹ̀ tó yẹ kó gbá ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mú ti gbóná títí wọ́n fi dẹ̀. Kẹ́tù á hó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, ibẹ̀ á tutù, kò sẹ́ni tó máa fura. Pánẹ́ẹ̀lì tèmi ń jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́. Ibi tó dẹ̀ á gbóná, á tutù, á tún dẹ̀ sí i. Ẹ wá fi ti iná àdúgbò wa kún un, tí fóólítì bá já wálẹ̀ sí 160 lálẹ́, dráífà pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fún un níná, ò ní tìtorí ìyẹn jẹ díẹ̀ o, ńṣe láá fa amp sí i kó lè pé wáàtì ẹ̀, ooru ojú ibi tó dẹ̀ yẹn sì máa ń di ìlọ́po mẹ́rin tí amp bá di ìlọ́po méjì.

Ẹlẹ́tíríṣọ̀n wa dé, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi búréékà kékeré sí i fún yín, ọkàn yín á balẹ̀." Ọkàn mi ò lè balẹ̀. Búréékà ń wo iye amp tó ń kọjá ni, tó bá ju ti ẹ̀ lọ, á já. Amp 1.3 ló ń kọjá nígbà tí púlọ́ọ̀gì tutù, amp 1.3 náà ló ń kọjá nígbà tó ń yọ́. Kí ló fẹ́ rí? Fíúsì náà nìyẹn. ELCB tó ń já ní miliamp 30, bóyá iná ń sá gba ara èèyàn tàbí gba omi wọlẹ̀ ló ń ṣọ́, kò mọ nǹkan kan nípa irin tó dẹ̀. Mo fẹ́ gbogbo wọn nílé mi o, ẹ má ṣì mí gbọ́, àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó ń ṣọ́ ibi tó ń jó yìí.

Fíúsì tiẹ̀ ní iṣẹ́ tiẹ̀. Gbogbo púlọ́ọ̀gì tí wọ́n ń tà fún wa, 13 ni wọ́n máa ń fi sínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wáyà tó jáde lára pánẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín bí nǹkan míì. Tí dráífà bá lọ ṣọ́ọ̀tì, wáyà yẹn lè ti máa gbóná burúkú kí 13 tó já. 3 tó fún 300 wáàtì dáadáa, 5 ni mo fi sí i torí pé dráífà mẹ́ta máa ń gbé iná mì lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Kí n tó rí 5 yẹn ṣá! Ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ bá mi wé wáyà mọ́ èyí tó ti jó, ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe.

Torí mo dárúkọ wáyà, ẹ jẹ́ n yà bàrà díẹ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ra wáyà 2.5 (bó ṣe nípọn tó nìyẹn) ní kọ́pà ni. Mo fi ọ̀bẹ ha á nílé: pupa lókè, funfun nínú. Alumíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà pa lára ni, irú ẹ̀ máa ń gbóná ju kọ́pà gidi tó nípọn bákan náà lọ, ó sì máa ń dẹ̀ lẹ́nu sukurú. Mo gba ọjà Dei-Dei lọ, màlámù tí mo bá níbẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n béèrè, ó gé e, ó ha á lójú mi, ó pupa dénú. Ọwọ́n ju tàkọ́kọ́ lọ, mo sanwó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ti wà lára ògiri, kẹ́tù àti àyọ́ọ̀nù ti kó lọ sí kíṣìnì, ata nìkan ló nibẹ̀.

Mo tún fẹ́ mọ bí ooru ẹ̀ ṣe tó báyìí. Ẹ̀rọ tá a fi ń wo iwájú orí èèyàn nígbà Kòrónà ni mo kọ́kọ́ gbé, ooru ara èèyàn ló mọ̀, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ "Hi" láá máa kọ. Mo yá ti àwọn tó ń tún AC ṣe. Ẹ rántí o, irin tó ń dán máa ń tan irú ẹ̀rọ yẹn jẹ, á ní ó tutù nígbà tó ń sè, ẹ lẹ tẹ́èpù dúdú mọ́ ọn kẹ́ ẹ wo ooru tẹ́èpù. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí wọ́n ti ń tàn, ojú púlọ́ọ̀gì fi díẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ ju ògiri lọ. Mo gbà á.

Ó ku tímà, ẹ̀rọ tó ń tan pánẹ́ẹ̀lì tó sì ń pa á lásìkò. Onílílọ́ tí mò ń lò, ọwọ́ ẹ̀ máa ń dúró tí iná bá lọ, a sì mọ bí iná ṣe ń lọ níbí. Tí wọ́n bá mú iná lọ fún wákàtí márùn-ún, tímà ti fi wákàtí márùn-ún pẹ́ nìyẹn, àárọ̀ márùn-ún á sì di mẹ́wàá. Tí wọ́n bá mú un lọ báyìí lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, pánẹ́ẹ̀lì á máa tàn ní ọ̀gànjọ́ nígbà tí gbogbo wa ti sùn, tàbí lọ́sàn-án nígbà tí mo wà ní Central Area tí ìyàwó mi wà lọ́jà, ilé ṣófo. Èrò mi ni pé kí n ra onínọ́ńbà tó ní bátìrì nínú, èyí tí aago ẹ̀ kì í dúró, kí n fi gáàdì firíìjì síwájú ẹ̀ tí yóò dúró ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta kó tó jẹ́ kí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọlé, kí gbogbo ẹ̀ máa ṣe ara ẹ̀.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn tí ìyàwó mi yọjú sí fóònù mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi pọn dandan kó máa tàn nígbà tá ò sí nílé?" Mo fẹ́ fèsì, mi ò rí èsì kankan. Ẹnu kékeré tó ń tan iná, tó ń pa á nínú tímà náà lè lẹ̀ mọ́ra, irú iná tí dráífà máa ń gbé mì lójijì yẹn ló máa ń lẹ̀ ẹ́, tó bá sì ti lẹ̀, iná ò ní kú mọ́, bẹ́ẹ̀ ojú tímà á ní òun ti pa á. Mo ti yí ètò padà nìyẹn. Oòrùn Àbújá nínú ọyẹ́ yìí máa ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjìlá, àwọn ata á máa lọ jókòó sójú fèrèsé lọ́sàn-án, màá tan pánẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ kùtù kí n tó jáde àti lálẹ́ tí mo bá dé títí di ìgbà tá a fẹ́ sùn. Tímà á wà níbẹ̀ láti pa á tí oorun bá gbé mi lọ, kò ní sí níbẹ̀ láti tàn án nígbà tí mi ò sí. Ẹni tí kò ní fèrèsé, tó jẹ́ pé tipátipá ni tiẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tàn, kó fẹ̀yìn ọwọ́ yẹ gbogbo ojú ìsopọ̀ wò kó tó fi sílẹ̀, kó má ki ẹkisitẹ́ńṣọ̀n bọ ẹkisitẹ́ńṣọ̀n, kó má sì fi wáyà sílẹ̀ ní kíká.

Mo ti yọ nàílọ́nù fàdákà tí mo fi yí àwọn ata ká kó lè máa da ìmọ́lẹ̀ padà sí wọn. Mo gé díẹ̀, mo ṣáná sí i lẹ́yìnkùlé, ó ká kò, ó ń kán sílẹ̀ pẹ̀lú iná lára, ọ̀dà funfun tó mi. Páálí abẹ́ ìkòkò náà ti lọ, táìsì ló wà níbẹ̀ báyìí, nínú ọyẹ́ yìí páálí ò bèèrè ohun púpọ̀ kó tó gbiná. Wáyà kọ̀ọ̀kan ń sọ̀ kọjá ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó tún gòkè, kí omi tó bá tẹ̀ lé e kán sílẹ̀ níbẹ̀.

Aago èéfín wà ní kọ́rídọ̀, eruku ọyẹ́ ti mú un ké lásán, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá a. Àwa tó ń sùn nílé ló wà fún, tí ilé bá ṣófo ògiri ló ń ké sí. Ẹ̀rọ panápaná onípáúdà wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí nídìí ata, búréékà la kọ́kọ́ ń pa, a kì í da omi sí i, 112 sì wà lórí fóònù gbogbo wa. Kọ́kọ́rọ́ búgílárì ti wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ àwọn Ìbejì lè tó.

Gáàdì firíìjì ni mo ṣì ń wá, èyí tí mo rí ò kọ iye amp sára. Rodo á wọ àpò ìgbìn ńlá tí ọyẹ́ bá dẹwọ́.