Owó Ilé Kì Í Dúró De Káàdì Tó Dára

Ẹni tó bá ń rò ó pé òun fẹ́ lọ máa fi póókà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn tẹ́tẹ́ oníkáàdì, gbọ́ bùkátà nílẹ̀ òkèèrè, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé: ta ni yóò san owó ilé yín lóṣù tí ẹ kò bá rí nǹkan kan jẹ? Tí kò bá rí èsì fún un, kó má tíì fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni o. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo rí tí wọ́n dẹrù padà sílé, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ta kọ́ ló pọ̀ jù. Oṣù ló lé wọn. Owó ilé, owó iná, owó físà, kò sí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ń yẹ̀. Káàdì ní tiẹ̀ kò mọ oṣù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní tábìlì No-Limit Hold'em, irú póókà tí èèyàn ti lè fi gbogbo owó iwájú rẹ̀ ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí big blind rẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì 50 lẹ̀ ń ta. Big blind ni owó tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ pín káàdì, òun náà la sì fi ń díwọ̀n èrè. Ẹni tó bá ń jẹ big blind 5 nínú ìpín káàdì 100, lẹ́yìn tí ilé tẹ́tẹ́ ti yọ tiẹ̀, ọ̀gá ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò débẹ̀ rárá, torí ohun tí ilé tẹ́tẹ́ ń yọ yẹn nìkan ti tó láti sọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta díẹ̀ di ẹni tó ń pàdánù. Tí ọ̀gá yìí bá ń ta tábìlì 4 pa pọ̀ fún wákàtí 120 lóṣù, yóò rí nǹkan bí ìpín 36,000, èrè rẹ̀ yóò sì jẹ́ dọ́là 900. Lórí ìwé nìyẹn. Lójú ayé, owó tó wọlé lè fi dọ́là 850 lé tàbí kó fi dín, kò sì ní sí ohun àjèjì kankan níbẹ̀. Bí eré náà ṣe rí nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀gá pàápàá fi ń pàdánù ní nǹkan bí oṣù kan nínú méje. Ẹni tó ń jẹ big blind 2 nínú 100, tí òun náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ, nǹkan bí oṣù kan nínú mẹ́ta ni tirẹ̀ yóò parí sí àdánù.

Mo rántí òru kan tí wọ́n pín áàsì méjì fún mi. Ọba méjì ló wà lọ́wọ́ ẹnìkejì mi. Gbogbo owó wa wọ àárín kí wọ́n tó ṣí káàdì kankan. Nínú irú ìdojúkọ bẹ́ẹ̀, áàsì ló máa ń jẹ ní nǹkan bí ìgbà 82 nínú 100. Wọ́n ṣí mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Wọ́n ṣí ẹ̀kẹrin, kò sí nǹkan. Ẹ̀karùn-ún jáde: ọba. Ọba di mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, owó mi sì lọ. Ilẹ̀ tó mọ́ ni ọjọ́ owó ilé. Mo san án láti inú àkáǹtì tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú póókà, mo sùn, mo jí, mo sì ta bí mo ṣe ń ta tẹ́lẹ̀. Ká ní inú owó tábìlì yẹn náà ni owó ilé wà ni, ibo ni ǹ bá ti rí oorun sùn? Tábìlì tó ju agbára mi lọ ni ǹ bá máa wá ká.

Nítorí náà, ẹ pín owó sí méjì kí ẹ tó kúrò nílé. Ti ìgbé-ayé, ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Ti tábìlì, iye tó lè jókòó sí tábìlì yẹn ní ìgbà 50 sí 100. Fún tábìlì tí mo fi ṣàpẹẹrẹ, tí ẹ óò máa fi dọ́là 50 jókòó sí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn jẹ́ dọ́là 2,500 sí 5,000. Kí èkíní má mọ̀ pé èkejì wà láyé.

Ibi tó sì wá le jù rèé. Tí ẹ bá ń jẹ dọ́là 900 lóṣù, tí ẹ sì ń ná 900 náà tán, ojú owó yín, ìyẹn owó tábìlì, dúró sójú kan nígbà tí oṣù àdánù ṣì ń bọ̀. Lójú ìṣirò, ẹ ti dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí kò jèrè kọ́bọ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sì kan ògiri bó pẹ́ bó yá, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ta tó. Tèmi, ìdajì èrè tàbí kó má tilẹ̀ tó ìdajì ni mo ń san fún ara mi bí owó oṣù, ìyókù ni mo fi ń kún ojú owó. Ẹni tí ìdajì kò bá tó láti gbé ìlú tó fẹ́ lọ, kó wá ìlú mìíràn tí owó ìgbé-ayé kò ti ga, tàbí kó wáṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn.

Ẹ má fi gbogbo ojú owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé tẹ́tẹ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2011, ìjọba Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé PokerStars, Full Tilt àti Absolute Poker. Àwọn tí owó wọn wà ní PokerStars tètè rí i gbà. Full Tilt jẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ káàkiri ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 390, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 péré ló wà ní báńkì. Ó di 2014 kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó wọn. Ẹ fojú inú wo ẹni tí owó ilé rẹ̀ há síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi póókà jẹun ló kó lọ sí Kánádà, Mẹ́síkò àti Costa Rica kí wọ́n lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Òfin ibi tí ẹ ń lọ ńkọ́? Ní oṣù Kejì 2016, ọlọ́pàá kó àlejò 32 ní Pattaya ní Thailand, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n ń ta bridge, eré káàdì kan, láìfi owó sí i. Òfin 1935 kan ló dè wọ́n, èyí tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní káàdì tó ju 120 lọ láìgbàṣẹ. Bí ti bridge tí kò lówó nínú bá rí báyìí, kí ẹni tó ń ta póókà olówó bi agbẹjọ́rò ibẹ̀ léèrè kó tó gba ilé. Kí ẹ má sì fi VPN bo ibi tí ẹ wà mọ́lẹ̀. Àdéhùn ilé tẹ́tẹ́ fún wọn láṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé owó ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ owó orí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbà á lórí èrè ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fún ọ̀ràn owó orí sọ ní 2015 pé èrè ìdíje póókà lè di èrè òwò, wọ́n sì sọ bákan náà nípa ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2023. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé owó tó ń wọlé fún un fún ìjọba rẹ̀ níbikíbi tó bá ń gbé. Báńkì mi kọ̀wé sí mi nígbà kan pé kí n wá sọ ibi tí owó mi ti ń wá. Fáìlì kan ni mo gbé lọ: ọjọ́, iye tí mo fi wọlé, iye tí mo gbà jáde, àti ìmeèlì tí ilé tẹ́tẹ́ fi jẹ́rìí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó dá mi lóhùn ṣí i ní ewé-ewé, ó ń fi ìka tọ iye kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wé ti àkáǹtì mi, lẹ́yìn náà ló pa fáìlì dé, ó ní ó ti tó.

Ẹ wo aago pẹ̀lú. Ìrọ̀lẹ́ Yúróòpù ni èrò máa ń pọ̀ lórí tábìlì. Nígbà òtútù, aago mẹ́jọ alẹ́ ní Paris jẹ́ aago méjì ọ̀sán ní Playa del Carmen ní Mẹ́síkò, ó sì jẹ́ aago méjì òru ní Bangkok. Ẹni tó bá ń fi òru ṣiṣẹ́ ní ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, ojoojúmọ́ ni yóò máa sùn nígbà tí àwọn tí ì bá di ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rìn kiri.

Àkáǹtì owó ilé wa, ọwọ́ ìyàwó mi ló wà. A ti fẹnu kò pé tó bá fi lè ku ti oṣù méjì péré, màá wá iṣẹ́ olówó oṣù, póókà á sì di ti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ òfurufú, nígbà tí ara ṣì balẹ̀: iye tí owó kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ kọjá, àti orúkọ ẹni tí ẹ máa gbà fún nígbà tó bá ní ó tó gẹ́ẹ́.