Ẹ Má Fi Sáńpépà Kan Coupe-chou Yín

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń kó idà kúkúrú àwọn ọmọ ogun Faransé jọ, ó tún ti ṣẹlẹ̀: idà irú ti 1831 tó ń dán bíi ṣíbí tuntun, olówó rẹ̀ sì ń fi í yangàn. Ó dunni.

Ẹ kúkú mọ idà náà. Èèkù idẹ tó ní òrùka-òrùka níbi ìdìmú, irin olójú méjì tó gùn tó bíi 49 cm, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ bíi 64 cm. Coupe-chou, ìyẹn agékábéèjì, ni àwọn ọmọ ogun ń pè é, torí igbó ni wọ́n fi ń ṣán ju ọ̀tá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín bí idà Róòmù, ẹ má bá a dúnàá-dúrà. Èyí tí ilé iṣẹ́ Ames rọ ní Amẹ́ríkà láti 1832, ẹyẹ idì ló wà lórí èèkù tirẹ̀.

Ẹ wo bí ẹ ṣe lè mọ ayédèrú. Èkíní, ẹ mú kálípà, ohun ìwọn-nǹkan, lọ sí ọjà. Idẹ tí a dà máa ń sún kì bó bá ti ń tutù, bíi 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ayédèrú tí wọ́n fi èèkù gidi ṣe bátànì rẹ̀ yóò kúrú; lórí èèkù 15 cm, ó ń lọ sí bíi mílímítà méjì.

Èkejì, òǹtẹ̀. Òòlù ni wọ́n fi gbá ti gidi wọlé: ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, etí rẹ̀ wú díẹ̀. Ti ayédèrú tí a dà máa ń rí bọ̀rọ́bọ̀rọ́, bí ọṣẹ tí omi ti fọ̀. Ẹ wá orúkọ àwọn tó rọ ọ́, Châtellerault tàbí Talabot ti Paris, lára irin nítòsí èèkù, kí ẹ sì wá lẹ́tà kéékèèké àwọn olùyẹ̀wò lára idẹ. Ẹnu tí idà náà fi ń sọ ìtàn ara rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni ẹ ń fi ọwọ́ ara yín pa!

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹnìkan ra idà tí irin rẹ̀ ti dúdú, ó pè é ní ìdọ̀tí. Ọlọ́jà tí kò bìkítà sọ fún un pé bó bá dán, owó rẹ̀ á gòkè. Ó gbé gíráńdà oníwáyà, ó fi sáńpépà tẹ̀ lé e. Òǹtẹ̀ kò jìn tó mílímítà kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti jẹ ẹ́ tán. Ó rẹ ìyókù sínú fínígà mọ́jú. Ásíìdì wọ abẹ́ èèkù, níbi tí aṣọ kò lè nù, ìpáàrà sì bẹ̀rẹ̀ láti inú. Ó wá fi oògùn ìdánrin tó ní amóníà nínú pa idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí àkọ̀. Amóníà máa ń la idẹ tí a bá tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè dá èyíkéyìí nínú wọn padà. Ẹni tó mọ idà kò ní san ìdajì owó tó fi rà á.

Dúdú kì í ṣe ọ̀tá. Pupa tó ń dà bí àtíkè ni ọ̀tá. Ẹ fi òwú funfun tí ẹ kì bọ epo ẹ̀rọ nu irin. Bí òwú bá pọ́n, ìpáàrà ṣì ń jẹun. Ẹ fi epo náà pa á, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi kànìnkànìn onírin 0000, èyí tó fẹ́lẹ́ jù, ra á láti èèkù lọ sí ṣóńṣó, ẹ má ṣe é ní ìbú láé. Ẹ nù ún, ẹ tún un ṣe. Bí òwú kò bá pọ́n mọ́, ẹ dúró. Dúdú tó bá kù, ẹ jẹ́ kó wà. Ẹ fi ìda fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, torí iyọ̀ inú òógùn ń sàmì ìka sára irin.

Ti àkọ̀ ńkọ́? Awọ náà ń ba irin jẹ́, torí ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ásíìdì tí wọ́n fi ṣe é sì wà nínú rẹ̀. Epo awọ pẹ̀lú idẹ ló ń bí ohun àwọ̀ ewé tó máa ń yọ létí rẹ̀. Igi tín-ínrín ni kí ẹ fi ha á, kì í ṣe ọ̀bẹ. Bí awọ bá ti sún kì, ẹ má fi tipátipá ti idà wọ inú rẹ̀, ojú rírán ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ ya. Ẹ tọ́jú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ ki pépà tí kò ní ásíìdì sínú àkọ̀ kó má baà pẹlẹbẹ, kí ẹ sì so nọ́ńbà kan náà mọ́ wọn kí wọ́n má baà sọ ara wọn nù.