Ẹ má tíì parí ìtàn ẹ̀dá yín kẹ́ ẹ tó jókòó síbi eré

Tí ẹnikẹ́ni bá fi ìtàn ẹ̀dá tó fẹ́ fi ṣeré hàn mí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá nínú ẹ̀ ni pé ta ló ṣì wà láàyè níbẹ̀. Torí ọ̀pọ̀ ìtàn táwọn èèyàn ń kọ fún Dungeons & Dragons àtàwọn eré bíi tiẹ̀, níbi tí kálukú ti ń sọ̀rọ̀ tó sì ń hùwà bí ẹ̀dá kan tó fọkàn dá, ibì kan náà ni wọ́n ń já sí: wọ́n ti pa bàbá, wọ́n ti pa ìyá, abúlé ti jóná, ẹ̀dá náà ti gbẹ̀san lára ẹni tó ṣe é, ó wá ku òun nìkan tó ń gbé idà kiri. Ó dùn ún kà lóòótọ́, àmọ́ kí ni DM, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, fẹ́ fi ṣe? Kò sẹ́ni tó lè wá kanlẹ̀kùn ẹ̀dá yẹn lóru, kò sẹ́ni tó jẹ lówó, kò sẹ́ni tó lè dà á. Ìtàn ti tán kí dáìsì àkọ́kọ́, ọmọ ayò tá a máa ń dà láti mọ bí nǹkan ṣe máa rí nínú eré, tó délẹ̀.

Èmi gbà pé torí ohun tó ń bọ̀ níwájú la ṣe ń kọ ohun tó ti kọjá. Ó yẹ kí nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ò tíì yanjú.

Ẹ̀dá kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, sójà ni. Lóru ọjọ́ kan tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹnubodè, ó sá lọ, àwọn ọ̀tá ráyè wọlé, ẹlòmíì tí wọ́n jọ ń ṣọ́nà ni wọ́n wá di ẹ̀bi ẹ̀ rù, ẹ̀wọ̀n lonítọ̀hún wà dòní. Sójà mi wá ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá ẹlẹ́wọ̀n yẹn, orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀ ló sì ń lò. Ọ̀gá ẹ̀ kan mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, èèyàn mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ tí DM lè gbé jáde nígbà tó bá wù ú: wọ́n lè tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, ìyá ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó ń fowó ránṣẹ́, ọ̀gá yẹn sì lè fi ohun tó mọ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Inú ìtàn yẹn náà ni ìwà ẹ̀ ti wá, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Tílẹ̀ bá ti ṣú tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ sùn, òun ló máa ní kí wọ́n fi ìṣọ́ òru sílẹ̀ fóun, kò sì ní gbà kí ẹlòmíì gbà á ṣe. Mi ò ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fáwọn tá a jọ ń ṣeré. Wọ́n kàn ń rí i bẹ́ẹ̀ ni, títí ẹnì kan fi bi í pé ṣé kì í sun oorun ni, ọ̀rọ̀ tó tibẹ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a ò da dáìsì kankan sí i rárá, òun ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo eré yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ti kéèyàn kàn kọ "ó láyà, ó lójú àánú" sórí ìwé. Kí ló máa ń ṣe tó bá mọ̀ pé wọ́n ń purọ́ fóun? Ta ni ò lè sọ pé rárá fún? Tó bá rówó he ńkọ́? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló wúlò, torí àwọn tá a jọ jókòó máa rí ìdáhùn ẹ̀ lójú ara wọn. D&D, ẹ̀dà tó jáde lọ́dún 2014, ní kéèyàn kọ nǹkan mẹ́rin: ìṣesí, ohun tó gbà gbọ́, ẹni tàbí ohun tọ́kàn ẹ̀ so mọ́, àti àléébù. Ẹ lè da dáìsì mú wọn látinú ìwé, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí méjì nínú wọn máa bá ara wọn jà. Sójà mi gbà gbọ́ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ tẹ́rù bá ti bà á, ńṣe ló máa ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Eré míì tó ń jẹ́ Fate tiẹ̀ ṣe tiẹ̀ dáa sí i, ó ní kí ẹ kọ wàhálà ẹ̀dá yín sílẹ̀, tí wàhálà yẹn bá wá dí yín lọ́wọ́ nínú eré, wọ́n á fún yín ní póìńtì tẹ́ ẹ máa lò tó bá yá. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yín náà dáadáa, ìyẹn àwọn tó ń sọ ohun tí ẹ̀dá yín mọ̀ ọ́n ṣe àtibi tó kù sí. Tó bá jẹ́ 15, 14, 13, 12, 10 àti 8 lẹ pín, ẹ má fi 8 yẹn pa mọ́ síbi tẹ́ ò ní lò. Ẹni tí Charisma ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fa èèyàn mọ́ra, jẹ́ 8 ò pọn dandan kó burẹ́wà, ó lè jẹ́ pé bọ́rọ̀ ṣe wà nínú ẹ̀ náà ló ṣe máa ń sọ ọ́, káwọn èèyàn máa sá fún un. Ní ti ẹ̀dá tó wà ní ìpele kìíní, níbi téèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì pa dírágónì kankan. Onídán tí hit point ẹ̀ (bó ṣe lè fara da ìyà tó kó tó ṣubú) jẹ́ 6, àfi ohun tí Constitution (bára ẹ̀ ṣe le tó) bá fi kún un, ìrìn àjò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Tí ò bá sí ohunkóhun lórí yín, ẹ wo ọgbọ́n Traveller, eré míì tó jáde lọ́dún 1977. Ẹ̀ẹ́ máa da dáìsì lórí iṣẹ́ tí ẹ̀dá yín ti ṣe, ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ó tiẹ̀ lè kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Dáìsì á ní wọn ò gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa wá ronú ohun tó fà á.

Ọ̀kan tó ń bí mi nínú ni káwọn kan ba eré jẹ́ mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, kí wọ́n wá ní ohun tí ẹ̀dá àwọn máa ṣe nìyẹn. Àwọn náà kọ́ ló dá a ni? Ẹ kọ ìdí tí ò fi ní kúrò lẹ́yìn ẹgbẹ́ sínú ìtàn ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bá ó kéré tán ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ fẹ́ ṣeré sọ̀rọ̀ kí ẹ̀dá tiyín àti tiẹ̀ ti mọra. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí DM, ojú ìwé kan ti pọ̀ tó, kẹ́ ẹ sì sọ fún un ní tààrà èyí tó lè fọwọ́ kàn nínú ẹ̀ àtèyí tẹ́ ò fẹ́ kó fọwọ́ kàn rárá.