Abẹ́ Àwo Ni Mo Ń Yẹ̀ Wò Tí Òtútù Bá Dé

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, nínú gbogbo oṣù tí Ọlọ́run dá, oṣù kejì ni mi ò fẹ́ràn jù. Oṣù kejìlá ṣì dáa, iná ń tàn yinrinyinrin lójú fèrèsé gbogbo èèyàn, oṣù kìíní náà a ṣì ń kí ara wa kú ọdún, àmọ́ tó bá fi máa di oṣù kejì yìnyín ti dọ̀tí lẹ́bàá títì, súwẹ́tà ti sú èèyàn í wọ̀, ilẹ̀ á ti máa ṣú nígbà tí èèyàn ò tíì ṣe nǹkan kan gúnmọ́, mo bá jókòó ti híítà bí adìẹ tó ń sàba, fóònù lọ́wọ́, mo ń tẹ̀ ẹ́ sókè sódò, ẹ bi mí pé kí ni mò ń wò, mi ò mọ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan àtijọ́ kiri nìyẹn o. Kì í ṣe pé mo gbọ́n. Ìka ló ń ro mí nínú ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ kan, mo rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù ayé àtijọ́, mo ní kí n yà fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré kí ọwọ́ mi lè móoru. Wákàtí méjì ni mo lò. Aago ara ògiri tó wà níbẹ̀ á tó ogún, kò sí èyí tó bá ìkejì ẹ̀ sọ ohun kan náà, kálukú pẹ̀lú àsìkò tiẹ̀. Mo wá gbé àwo kan, mo ń wo òdòdó tí wọ́n yà sójú ẹ̀, ni màmá tó ń tajà bá ní, "Ọmọ mi, dojú ẹ̀ délẹ̀. Ojú ẹ̀ ò ní sọ nǹkan kan fún ẹ."

Mo ní, "Ẹ ṣeun mà." Mo dojú ẹ̀ délẹ̀. Àtìgbà yẹn, mi ò kí ń wo ojú àwo mọ́.

Ṣé ẹ rí i, abẹ́ tánganran ni ìtàn ẹ̀ wà. Ní 1890, Amẹ́ríkà ṣòfin pé ọjà tó bá ti òkè òkun wọ ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá lára, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1891. Nítorí náà tí ẹ bá rí "England" lábẹ́ kọ́ọ̀bù, kò dájú pé ó dàgbà ju ìgbà yẹn lọ. Àwọn ará Japan kọ "Nippon" sí tiwọn títí di 1921, káwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà tó sọ pé rárá, èdè yín nìyẹn, ẹ kọ "Japan" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èèyàn ti mọ ọgbọ̀n ọdún tí abọ́ náà bọ́ sí! Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ nìkan ò tó o, torí ẹni tó bá fẹ́ ṣe jìbìtì, òǹtẹ̀ kọ́ ni kò ní lè tẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ ibi tí àwo fi ń jókòó. Èyí tí wọ́n ti ń fà lórí tábìlì fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ibẹ̀ á ti jẹ díẹ̀díẹ̀, á ní ìlà wẹ́wẹ́ tó lọ síbí lọ sọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló fi sánpépà ha á lánàá, gbogbo ìlà yẹn á dojú kọ ibì kan náà.

Ẹ má rò pé mo ti di ọ̀gá ṣá. Mo ti jìn sí kòtò. Ìkòkò tíì kan ni, ó wúwo, ó dúdú bíi fàdákà tí wọn ò nù rí, mo yí i, mo rí òǹtẹ̀ kéékèèké mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tiẹ̀. Àyà mi já. Nítorí mo ti kà á pé fàdákà gidi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní kìnnìún tó ń rìn lára, tó túmọ̀ sí pé nínú ìwọ̀n 1000, 925 jẹ́ fàdákà, á tún ní àmì ìlú tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, orí ẹkùn fún Lọ́ńdọ̀nù, ìdákọ̀ró fún Birmingham, adé fún Sheffield kí wọ́n tó fi òdòdó rósì rọ́pò ẹ̀ ní 1975. Mo ní ó parí, Ọlọ́run ti ṣe é! Mi ò mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá dání, ojú kòkòrò ò sì jẹ́ kí n ní sùúrù, mo sanwó kíá kí ẹlòmíì má bàa gbà á lọ́wọ́ mi. Mo délé, mo nù ún, mo sún mọ́ gílóòbù. E. P. N. S. Kìnnìún kọ́, lẹ́tà ni! Ìyẹn ni pé bàbà, nickel àti síǹkì ni wọ́n pò pọ̀, wọ́n wá fi iná mànàmáná lẹ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lára. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ to lẹ́tà yẹn kó lè jọ òǹtẹ̀ tòótọ́ lójú ẹni tó bá ń kánjú. Ẹni tó tà á fún mi ò purọ́ kankan, èmi ni mi ò bi í. Ó ṣì wà lórí àga ìdáná, ó ń po tíì dáadáa, ẹ̀yìn ẹnu ẹ̀ ti ń pọ́n níbi tí fàdákà ti ṣí kúrò.

Igi ló wá dùn mọ́ mi jù ṣá. Tí wọ́n bá ní kọ́bọ́ọ̀dù kan ti pẹ́, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, dúrọ́ọ̀ ni kẹ́ ẹ fà jáde pátápátá, kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbi tí pákó méjì ti gé eyín wọnú ara wọn. Eyín ọwọ́ káfíńtà kì í dọ́gba, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tín-ín-rín, tẹ́ ẹ bá sì tan iná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lè rí ìlà tó fi irin ṣóńṣó fà kó tó gbé ayùn. Mo ti kúnlẹ̀ níwájú dúrọ́ọ̀ kan báyìí, mo fi ìka tọ ìlà yẹn, ó rékọjá ibi tó yẹ kó dúró sí díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan pè é lẹ́yìn. Mi ò rà á. Ibo ni mo fẹ́ gbé e sí?

Tábìlì róbótó náà, ẹ mú téèpù dání. Pákó máa ń súnkì ní ìbú ju gígùn lọ, nítorí náà tábìlì tó ti pẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ róbótó mọ́.

Èyí tí mo rà kẹ́yìn ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí. Àwo ṣúgà kékeré, gíláàsì, ó rí bákan láàárín àwọ̀ yẹ́lò àti àwọ̀ ewé, ẹnì kan ò yà á sí. Mo ra tọ́ọ̀ṣì kan, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò, torí mo ti gbọ́ pé láti nǹkan bíi 1830 sókè làwọn onígíláàsì ti ń fi uranium díẹ̀, irin tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù, kún gíláàsì kí àwọ̀ ẹ̀ lè dùn ún wò, àfìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé tí ìjọba fọwọ́ lé uranium, àti pé irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ máa ń tàn tí iná tọ́ọ̀ṣì yẹn bá bà á. Wọ́n ní kò léwu kéèyàn gbé e kalẹ̀ kó máa wò ó, àmọ́ èmi ò ní bu nǹkan jẹ nínú ẹ̀ o. Nínú ṣọ́ọ̀bù iná pọ̀ jù, mi ò rí nǹkan kan. Mo bá gbé e délé, ó dẹ̀ jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ tí inú mi dùn pé ilẹ̀ ń yára ṣú. Mo fa kọ́tìnnì. Mo pa iná. Mo tan tọ́ọ̀ṣì.

Ó mọ́lẹ̀ bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, gbogbo etí ẹ̀ yíká, títí kan èéfọ́ kékeré kan tí mi ò rí nígbà tí mò ń rà á. Mo pa á, mo tún tàn án, mo pa á, mo tún tàn án, títí ọkọ mi fi pariwo látinú yàrá pé, "Ìyàwó mi, ṣé wọ́n ti múná lọ ni?"